Ẹ̀wù Tammie Ọmọ Òkúta

Olè tó bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn Tammie kọ́kọ́ nu èjìká rẹ̀ mọ́ kó tó lọ.

Ohun tí Ìnsípẹ́kítọ̀ Una Veitch kọ́kọ́ ṣàkíyèsí nìyẹn, òun ni kò sì jẹ́ kó gbọ́ ìdajì ariwo tí wọ́n ń pa sí i létí. Gbogbo Hobsburn ló ti pé sí gbàgede ọjà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé náà. Òjò wínníwínní ń ṣẹ̀, afẹ́fẹ́ orí òkè ilẹ̀ Scotland ń gé ni létí, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ sílé, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ ni wọn yóò fura sí. Láàárín wọn ni Tammie dúró sí lórí pèpéle: ère òkúta ọmọdékùnrin kan tí kò wọ bàtà, tó gbé ọ̀dọ́ àgùntàn mọ́yà, tí àwọn baba ńlá ìlú gbẹ́ síbẹ̀ nígbà tí ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ṣì ń hó bí ilé oyin. Láti bí oṣù kan ni ẹ̀wù òwú irun àgùntàn pupa fòò kan ti bò ó láti ọrùn dé kókósẹ̀. Ní àárọ̀ yìí, ìhòòhò ló bá ìlú jí.

"Una, wọ́n ti pa wá," ni Greer Amos wí. Omi òjò ń kán lára fìlà rẹ̀, kò sì rántí nù ún.

Nọ́ọ̀sì ni Greer. Malawi ló ti lo èyí tó dára jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀, tó ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ebi ti sọ di egungun. Nígbà tí ìjọba ní London kéde pé àwọn yóò gé owó tí wọ́n fi ń ran irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ lókè òkun, Greer kò ju òkúta, kò sun táyà. Ó kàn mú tẹ́ẹ̀pù kékeré kan wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn apá ọmọdé. Bó bá dúró sí àwọ̀ ewé, ọmọ ń jẹun kánú. Bó bá dúró sí pupa, ikú ti ń kan ilẹ̀kùn. Àwọn ará Hobsburn kì í mọ ohun tí èèyàn ń fi ẹnu sọ nírú àkókò bẹ́ẹ̀, wọ́n bá mú abẹ́rẹ́ ìhunṣọ. Ilé kọ̀ọ̀kan hun abala kan, pupa bíi ti tẹ́ẹ̀pù náà, Ìyáàfin Euphemia Cranston, ìyálóde àwọn ahunṣọ ìlú, sì gán gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ẹ̀wù.

"Ọ́fíìsì Elphinstone ti pè mí," Greer ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Wọ́n ní bí kò bá sí ẹ̀wù, kò sí àwòrán. Bí kò bá sí àwòrán, ọ̀gá àwọn ní ìpàdé pàtàkì ní London."

Hector Elphinstone ni aṣòfin wọn. Ìbò bíńtín ló fi wọlé, kò sì tíì sọ ẹ̀gbẹ́ tí òun wà lórí ọ̀rọ̀ owó yìí. Ó ti ṣèlérí pé ní ọ̀sán ọ̀la òun yóò dúró ti Tammie, òun yóò sì sọ tinú òun fún àwọn oníròyìn. Ọjọ́rú, tí í ṣe ọ̀túnla, ni wọn yóò dìbò. Ọkùnrin náà kò burú. Ó kàn jẹ́ pé èrò ọkàn rẹ̀ kì í yọjú láìsí kámẹ́rà, bí ìgbín tí kì í yọjú láìsí òjò.

"Bí owó yẹn bá lọ, ilé ìwòsàn tí mo fi sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á tì í pa," Greer ní. "Mo mọ àwọn tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ lórúkọ. Bá mi wá ẹ̀wù yìí, Una."

"Lọ mu tíì gbígbóná," Una dáhùn. "Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ ẹnikẹ́ni pe olè."

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ jù. Dod Laidlaw, kọ́ńsítébù rẹ̀, tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ débi iṣẹ́, ti ní olè tirẹ̀ lápò.

"Ọ̀gá, Wattie Scoon ni. Ẹ jẹ́ ká lọ mú un ká lọ jẹun. Ojú mi báyìí ló ṣe sọ ọ́ nílé ọtí pé ẹ̀wù yẹn, òun máa fi nu táyà."

"Dod, wo orí ọmọ yìí."

"Ìgbẹ́ ẹyẹlé."

"Ẹ̀yìn ọ̀dọ́ àgùntàn ńkọ́?"

"Ìgbẹ́ ẹyẹlé, Ọ̀gá. Ẹ ṣàánú mi, mi ò tíì jẹun àárọ̀."

"Wo èjìká."

Dod na ọrùn. Lórí èjìká òsì Tammie, ibì kan wà tí ó mọ́ roboto láàárín ìdọ̀tí, bí ẹni fi aṣọ tútù nù ún.

"Irú olè wo ló ń jalè tó tún ń túnlé ṣe?" Una bi í. "Ẹ̀yìn ni bọ́tìnnì ẹ̀wù yẹn wà, wọ́n tóbi, wọ́n sì pọ̀. Kò sí ọ̀kan tó já sílẹ̀, kò sí fọ́nrán òwú kan nílẹ̀. Ẹni yìí fara balẹ̀ tú wọn bí ìyá tó ń bọ́ṣọ fún ọmọ tó ti sùn. Ó sì fi èyí sílẹ̀."

Ó na ọwọ́ sórí ọ̀dọ́ àgùntàn òkúta náà, ó sì ṣí fìlà òwú búlúù kékeré kan kúrò níbẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni fìlà náà ṣàdédé yọ sórí ẹran náà, kò sì sẹ́ni tó jẹ́wọ́ pé òun ló hun ún. Una kì í sábà rí ẹni tó ṣe dáadáa ní Hobsburn tí kì í fẹ́ kí wọ́n dúpẹ́. Ó ti fìlà náà bọ àpò.

*

Wattie Scoon ń ta ìṣó, òòlù, ọ̀dà, àti èrò ọkàn rẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí nìkan ni kì í gba owó lé.

"Ẹ ti dé!" ló fi kí wọn. "Mo ti ń retí yín. Wọ́n ti ju ẹyin mọ́ ilẹ̀kùn mi láàárọ̀ yìí. Mo sọ ọ́, mo tún ń sọ ọ́: ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òjò ń jo lórí ilé ìwé wa, ẹ̀ ń hunṣọ fún òkúta!"

"Níbo lo wà lálẹ́ àná, Wattie?"

"Ilé mi. Èmi àti ajá mi. Ẹ bi í."

Dod ti gba ẹ̀yìn káńtà kọjá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó kùn bí ẹlẹ́dẹ̀, ó sì gbé àpò kan sókè. Abẹ́rẹ́ ìhunṣọ méjì yọrí níbẹ̀ bí ìwo ewúrẹ́.

"Ọ̀gá! Mo mú un! Òwú!"

Ojú Wattie pọ́n dé etí. Una wo inú àpò náà. Òwú ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pupa. Ó yọ fìlà ọ̀dọ́ àgùntàn nínú àpò tirẹ̀, ó gbé e lé òwú náà lórí. Búlúù kan náà ni.

Ajá Wattie nìkan ló ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ má pariwo," Wattie wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ sì ti rọlẹ̀. "Mo ní orúkọ nílùú yìí."

"Orúkọ ahun," ni Dod wí.

"Orúkọ ni, kọ́ńsítébù! Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí Greer sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí, kí n lè rí nǹkan bú. Ó ká tẹ́ẹ̀pù yẹn bó ṣe máa ń ká lápá ọmọ ọlọ́dún méjì tí ebi ń pa. Nígbà tí mo délé, mo fi okùn ká a bẹ́ẹ̀, mo sì wá ohun tí yóò bá a mu lára mi." Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ ràgàjì sókè. "Àtàǹpàkò mi, Una. Àtàǹpàkò mi yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi jù ú lọ. Báwo ni mo ṣe máa tún wá bọ́ sójú ọjà lọ sọ pé mo ti yí ọ̀rọ̀ mi padà? Mo bá hun fìlà fún ẹran."

Una kò rẹ́rìn-ín. Ó ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó fi ìwà ibi pamọ́. Ẹni tó ń fi àánú pamọ́ bí ìgò ọtí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kò wọ́pọ̀.

"Nígbà tó o dé fìlà fún ẹran, báwo ni ẹ̀wù ṣe rí?"

"Ó dára láàárọ̀. Nírọ̀lẹ́, nígbà tí mo tún gba ibẹ̀ kọjá, àwọn ẹyẹlé ti fi èjìká rẹ̀ ṣe ṣálángá. Ọkàn mi ní kí n gbé e lọ sílé lọ fọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí."

"Ẹ̀rù ta ni?"

"Ìwọ náà ń béèrè? Ta ló kọ́ èmi àti ìwọ ní ìhunṣọ nílé ìwé?"

Wọ́n wo ara wọn, ẹnu wọn sì jọ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà bí ọmọ kíláàsì kan: "Omi tútù ni kó o fi fọ̀ ọ́, má fi gbígbóná kàn án, òwú ní iyè nínú, má fi ìkánjú pa á!"

Una fọwọ́ pa oríkèé ìka rẹ̀. Ó ti jẹ rúlà lórí rẹ̀ rí nítorí ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo tó kì bọ omi gbígbóná, tí ó sì sún kì.

*

Kó tó dé inú ọkọ̀ ni fóònù rẹ̀ dún.

"Ìnsípẹ́kítọ̀, Hector Elphinstone ń sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń sọ pé èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e. Mo fẹ́ kó wà lákọsílẹ̀ pé orí tẹlifíṣọ̀n ni mo wà lálẹ́ àná."

"Mo mọ̀, ọ̀gá. Ẹ pe àgọ́ wa fúnra yín pé ká má gbàgbé láti wò ó."

"Ẹ wò ó? Báwo lẹ ti rí i?"

"Táì yín dára."

"Àbí? Ìyàwó mi ló yàn án."

Una pa fóònù. "Kì í ṣe òun," ó sọ fún Dod. "Ẹni tó fẹ́ràn àwòrán tó bẹ́ẹ̀ kò ní jí ohun tí wọ́n fẹ́ ya òun pẹ̀lú rẹ̀. Ṣé ebi ṣì ń pa ẹ́?"

"Ọ̀gá, ṣé ẹ tiẹ̀ ń béèrè ni?"

"Ó dáa. Jẹ́ ká lọ kí Ìyáàfin Cranston. Kò sẹ́ni tó ń yan sìkóònù, búrẹ́dì kékeré tí a ń fi jáàmù jẹ, bíi tirẹ̀."

*

Ẹ̀gbẹ́ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ àtijọ́ ni Ìyáàfin Cranston ń gbé. Bàbá rẹ̀ ló ṣe máníjà ibẹ̀ kẹ́yìn, ìyáàfin náà sì ń rìn títí dòní bí ẹni pé àwọn òṣìṣẹ́ ṣì ń ṣí fìlà fún òun lójú ọ̀nà.

"Una Veitch, na ẹ̀yìn rẹ dáadáa," ló fi gbà wọ́n lálejò. "Àwọn ará Yarrowmuir ni. Ìlara ni wọ́n ń ṣe sí wa. Abala kan kò lè jáde lọ́wọ́ wọn kí ó má rí wọ́gọwọ̀gọ. Ẹ lọ mú wọn."

"Gbogbo ìlú Yarrowmuir, Màmá?" Dod bi í.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ pásítọ̀ wọn."

Ó kó wọn lọ sílé ìdáná. Sìkóònù wà lórí tábìlì, ó ń rú èéfín. Ìyáàfin Cranston mú ìgò jáàmù, ó gbé e fún Dod láì wò ó. "Ọmọ, bá mi ṣí i."

Una jókòó. Ó gbójú sókè sí ọ̀pá ìsáṣọ tí wọ́n fi okùn so mọ́ àjà. Ọjọ́ Ajé ni gbogbo ilé Hobsburn ń fọṣọ. Bí òjò bá sì ń rọ̀, orí ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sá a sí. Ti ìyáàfin yìí ṣófo, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn wà nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ìwé náà tutù rinrin. Lẹ́yìn náà ló rí aṣọ ìnuwọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí ojú ń tì.

Ó mu tíì rẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Dod, lọ wo ẹnu ọ̀nà ọgbà bóyá olè gba ibẹ̀."

"Báyìí, Ọ̀gá?"

"Mú sìkóònù dání."

Nígbà tí ilẹ̀kùn pa dé, Una ní: "Màmá, aṣọ ìnuwọ́ yín rẹwà."

"Tuntun ni. Bí wọ́n ṣe ń tà á nìyẹn."

"Tuntun, kí ẹ sì ti ṣiṣẹ́ ọnà orúkọ ìgbéyàwó yín sí i létí? Funfun ni aṣọ yẹn, Màmá. Mo ti nu abọ́ pẹ̀lú rẹ̀ nílé yìí nígbà tí mo wà lọ́mọdé."

Ìyáàfin Cranston ń to àwọn ṣíbí tó ti wà létòlétò tẹ́lẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe rò ó," Una ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Lálẹ́ àná, ẹnì kan gba ojú ọjà kọjá, ó rí ohun tí ẹyẹlé ṣe sí ẹ̀wù wa. Aṣòfin ń bọ̀ lọ́la, kámẹ́rà ń bọ̀, ẹni náà kò sì lè fara da ìdọ̀tí. Ó bọ́ ẹ̀wù náà, ó nu èyí tó gba inú òwú dé ara òkúta, ó fi fìlà ẹran sílẹ̀ nítorí pé fìlà yẹn mọ́. Olè kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ó fẹ́ fọ̀ ọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ ni. Gbogbo èèyàn ìlú yìí ló mọ bí a ṣe ń fọ òwú: omi tútù, ọwọ́ lásán. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ẹni náà kò bá lè ṣí ìgò jáàmù mọ́ ńkọ́?"

Arúgbó náà wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí tábìlì bí ẹni ń wo ọmọ tó dójú ti òbí rẹ̀.

"Láti ìgbà òtútù tó kọjá ni," ó wí. "Wọn kò lè di abẹ́rẹ́ mú pẹ́ mọ́. Abala tèmi nínú ẹ̀wù yẹn, mo rà á lọ́wọ́ obìnrin kan ní Yarrowmuir." Ó gbé agbọ̀n sókè. "Mo sì tún un hun létí. Ọmọ mi ra ẹ̀rọ ìfọṣọ kan ránṣẹ́ sí mi. Bọ́tìnnì rẹ̀ pọ̀ bíi ti ọkọ̀ òfuurufú. Mo tẹ èyí tí mo rò pé ó tútù."

Ó dìde, ó ṣí àpótí abẹ́ fèrèsé, ó sì gbé e jáde.

Wọ́n ní bó ti wù ká mọ̀ ọ́n gún ká mọ̀ ọ́n tẹ̀, iyán ewùrà ní láti lẹ́mọ. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ẹmọ kékeré. Ẹ̀wù tó ti bo ère láti ọrùn dé kókósẹ̀ ti sún kì, ó le bí awọ, ó nípọn bí ẹní. Kò tóbi ju ẹ̀wù ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lọ. Bọ́tìnnì rẹ̀ pé. Fọ́nrán kan kò sọnù níbẹ̀.

"Gbogbo ọwọ́ tó ń hunṣọ nílùú yìí, èmi ni mo kọ́ ọ," ni Ìyáàfin Cranston wí. "Mo na ìwọ gan-an nítorí ìbọ̀sẹ̀. Una, ọmọ mi, jẹ́ kó jẹ́ olè. Olè kan tó ti sá lọ. Kí ló máa bà jẹ́?"

"Wọ́n ti ju ẹyin mọ́ ilẹ̀kùn Wattie Scoon. Elphinstone kò ní wá. Ilé ìwòsàn Greer á tì. Ohun tó máa bà jẹ́ nìyẹn, Màmá."

Arúgbó náà jókòó. Una kò tì í. Ó na ẹ̀wù náà sórí tábìlì, ó fà á síwá, ó fà á sẹ́yìn, kò sún. Ó tún fà á. Lójijì ló dáwọ́ dúró.

"Màmá," ó ní, "kí ni ìjọba sọ pé àwọn fẹ́ ṣe sí owó àwọn ọmọ yẹn?"

"Wọ́n ní àwọn ò gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ dín in kù."

Àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ ohun tó wà lórí tábìlì. Díẹ̀díẹ̀, Ìyáàfin Cranston na ẹ̀yìn rẹ̀.

"Fún mi ní kóòtù mi," ó wí. "Rárá, èyí tó dára jù."

*

Ẹ̀wù tó sọnù tí wọ́n sì tún rí gbayì ju èyí tí kò sọnù rí lọ. Una kò purọ́ kankan fún ọ́fíìsì aṣòfin. Ó ní a ti rí ẹ̀wù, kò sì ya, ó fi fóònù sílẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kámẹ́rà pọ̀ ní gbàgede ọjà ju ẹyẹlé lọ.

Ṣáájú kí Elphinstone tó dé ni Ìyáàfin Cranston ti gun àpótí kan dúró níwájú gbogbo ìlú.

"Kò sí olè," ó kéde. "Èmi ni. Omi gbígbóná ni mo fi fọ̀ ọ́."

Ìdákẹ́jẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ sí Hobsburn lọ́jọ́ náà, ikú ọba kò mú irú rẹ̀ wá rí. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan pòṣé. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Láti ẹ̀yìn pátápátá ni ohùn Wattie Scoon ti wá: "Ẹ na ọwọ́ síwájú, Ìyáàfin! Rúlà dà?" Ìlú bú sẹ́rìn-ín. Ìyáàfin Cranston náà sì ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀.

Dod bá a gbé ẹ̀wù náà wọ Tammie. Àyà ló mọ. Láti àyà lọ sísàlẹ̀, òkúta tútù ni, àti ẹsẹ̀ lásán nínú òjò. Ẹ̀rín kú díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn.

Elphinstone já sí i. Táì rẹ̀ tuntun ni. Ó dúró ti ère, ó rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, ó wá gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe é? Kò bò ó."

"Ẹ bá wa fà á wálẹ̀, ọ̀gá," Greer wí.

Aṣòfin náà fà á. Kámẹ́rà ń yà. Ó bo orúnkún, àyà ṣí. Ó bo àyà, orúnkún ṣí. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń fà á.

"Òwú kan náà ni, ọ̀gá," ni Ìyáàfin Cranston sọ, ó rọra sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohùn olùkọ́ ni. "Ẹnikẹ́ni kò gba nǹkan lára rẹ̀. A kàn dín in kù ni. Ẹ wò ó, ẹ wá bá mi bo ẹsẹ̀ ọmọ yìí."

Ọwọ́ Elphinstone dúró. Greer yọ tẹ́ẹ̀pù kékeré náà nínú àpò, ó ká a sínú àtẹ́lẹwọ́ aṣòfin, ó sì fún un ní pupa rẹ̀ wò. Ọkùnrin náà wò ó pẹ́. Ìwé ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ fún un wà nínú àpò rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ méjì ni ìwé náà sì fẹsẹ̀ sí. Kò yọ ọ́.

"Mi ò ní dìbò fún gígé owó yìí," ó wí. "Lọ́la, màá dìde, màá sì sọ bẹ́ẹ̀. Mo máa pe àwọn tí a jọ jókòó."

Bóyá ẹ̀rí ọkàn ló sọ̀rọ̀, bóyá kámẹ́rà ni, ẹnikẹ́ni kò wádìí. Omi tó bá ti pa iná, a kì í bi í ní odò tó ti ṣàn wá.

Àwòrán náà ti yí gbogbo ilẹ̀ ká kí wọ́n tó pa àpótí mọ́: aṣòfin tó wọ táì dáradára, tó ń fa ẹ̀wù tí kò tó. Wattie Scoon gba àárín èrò kọjá, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ki ìbọ̀sẹ̀ búlúù méjì mọ́ Ìyáàfin Cranston lọ́wọ́, ó ní fún ẹsẹ̀ ọmọ náà ni, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bá òun sọ ọ́. Ìyáàfin náà gbé wọn sún mọ́ ojú.

"O já ojú òwú kan sílẹ̀ níbí, Walter," ó wí, ó fi odidi orúkọ Wattie pè é bíi ti ilé ìwé.

"Ẹ ṣe sùúrù ná, Màmá!"

Fóònù Greer kò dákẹ́. Ó gbọ́ èyí, ó gbọ́ tọ̀hún, ẹnu ń yà á. "Yarrowmuir ni," ó sọ fún Una. "Wọ́n hun tiwọn fún ère ọba wọn. Àwọn kan tún pè láti Glasgow, àti láti Wales. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè, mi ò sì mọ ìdáhùn rẹ̀."

"Kí ni wọ́n ń béèrè?"

"Báwo ni omi náà ṣe gbóná tó?"

Ìyáàfin Cranston na ọwọ́ tó ń dùn ún síta, ó gba fóònù náà, ó sì na ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa.

"Ẹ mú nǹkan ìkọ̀wé," ó pàṣẹ. "Ẹ jẹ́ kó hó."